Bí A Ṣe Gbé Ọkọ̀ Pupa Lọ Sùn Lókè Burlington

Aago márùn-ún ìdájí Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá ni Bọ̀ọ̀dá Wálé kan ilẹ̀kùn yàrá mi ní Meadowvale. Wọ́n ní kí n dìde, ọkọ̀ àwọn fẹ́ lọ sùn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, nítorí èmi náà kò tètè gbà á gbọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ Tòróńtò yìí, ọkọ̀ máa ń sùn. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ o. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ràn nìkan ni. Bọ̀ọ̀dá Wálé ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá kan ni wá, wọ́n sì fi ọdún mẹ́tàlá jù mí lọ. Ọkọ̀ méjì ni wọ́n ní. Ọ̀kan pupa, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ó sì sún mọ́lẹ̀ débi pé tí mo bá jókòó sínú rẹ̀, orúnkún mi á máa bá àgbọ̀n mi sọ̀rọ̀. Ariwo rẹ̀ máa ń jí àwọn ará àdúgbò, síbẹ̀ àwọn ará àdúgbò máa ń juwọ́ sí i. Èkejì ní àwọ̀ eérú, ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá, kò sí ẹni tó ń juwọ́ sí i. Tí òtútù bá ti dé, ọkọ̀ pupa á lọ sùn sínú abà kan lókè Burlington fún oṣù márùn-ún, ọkọ̀ eérú á sì máa ṣiṣẹ́. Nílé wa ní Ìkìrun, ọkọ̀ tó bá dúró lójú kan fún oṣù márùn-ún, adìẹ á ti yé sínú rẹ̀. Níbí, ọgọ́rùn-ún dọ́là ni wọ́n ń san lóṣù kí ó lè dúró lójú kan. Mo bi bọ̀ọ̀dá mi bóyá oúnjẹ wà nínú owó náà. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Iyọ̀ ni wọ́n ń sá fún. Bí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀ sí bọ́, ọkọ̀ ìjọba á máa da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà á sì máa jẹ abẹ́ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ táyà tún wà níbẹ̀. Táyà ìgbà ooru ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ pupa. Tí òtútù bá mú un, á le bí àwo oníke. Ti ọkọ̀ eérú jẹ́ táyà wíńtà, wíńtà ni wọ́n ń pe ìgbà òtútù. Eyín rẹ̀ jìn, ó máa ń di yìnyín mú.

Ọ̀rọ̀ tèmi náà wà nínú ìrìn àjò yìí. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Burlington ti fẹ́ gbà mí. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní JS 3, ìdí ààrò búrẹ́dì bàbá wa ni mo wà títí mo fi wọ bàálù. Ṣùgbọ́n aago márùn-ún ìdájí ni ṣíìfù wọn ń bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀sì kankan ò sì ní tíì máa lọ síbẹ̀ nígbà yẹn. Wọ́n ní kí n fèsì kí ó tó di Mọ́ńdè, ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀, ṣé mo ní ọkọ̀ àbí mi ò ní. Mo ti gba láísẹ́ńsì lóṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n mi ò tíì wakọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ rí. Bọ̀ọ̀dá mi ní, "Wa ọkọ̀ eérú tẹ̀ lé mi dé abà. Tí o bá lọ tí o bọ̀ láìgbá nǹkan kan, máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ títí yìnyín á fi tán. Èmi lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì mi."

Mi ò bi wọ́n bí yóò ṣe rí tí mo bá gbá nǹkan kan.

Kí a tó jáde, wọ́n fi omi gbígbóná wẹ ọkọ̀ pupa, wọ́n wẹ abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi aṣọ nu àárín táyà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ eérú ò wẹ̀. Ṣọlá, ìyàwó wa, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló bá mi fi àdírẹ́sì abà náà sínú fóònù mi, ó sì gbé fóònù náà kọ́ iwájú dígí. Ó jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n torí pé ilé ló bá mi, kì í pe orúkọ mi.

"Adúmáradán, ọkọ mi," ló wí, "tí ẹ̀gbọ́n yín bá ṣìnà, ẹ pè wọ́n o."

"Ta ló fẹ́ ṣìnà?" ni bọ̀ọ̀dá mi dáhùn láti inú gáréèjì. "Ọ̀nà tí mo gbà lésìn? Àríkẹ́, tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, ṣáà ṣẹ́ iná sí mi."

Ṣíṣẹ́ iná ni pé kí ẹni tó wà lẹ́yìn tan iná iwájú ọkọ̀ rẹ̀, kó pa á kíá, kí ẹni tó wà níwájú lè rí i nínú dígí. Nílé, ẹni tó bá ṣẹ́ iná sí yín, ohun tó ń sọ ni pé kí ẹ kúrò lọ́nà fún òun. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá pàtẹ́wọ́ lé àgbà lórí. Mo gbàdúrà nínú ọkàn mi kí ó má kàn mí.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ la kúrò nílé, òkùnkùn ṣì wà. A kọ́kọ́ ra epo, nítorí ọkọ̀ tó fẹ́ sùn gbọ́dọ̀ yó, kí omi má baà gba àyè nínú táńkì rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ra kọfí fún èmi náà, dọ́là méjì, pẹ̀lú nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní dónọ́ọ̀tì. Ó jọ pọ́fù-pọ́fù tí wọ́n dá lu láàárín. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ò wú tó. Mo jẹ ẹ́ tán.

A gba ọ̀nà 403, a sì bọ́ sórí QEW, ọ̀nà márosẹ̀ tó gba etí adágún lọ sí Burlington. Wọ́n fi ọ̀dà funfun pín ọ̀nà náà sí ìlà-ìlà, oníkálukú sì dúró sínú ìlà tirẹ̀. Ní Ìkìrun, ibi tí ọkọ̀ bá ti rí àyè ni ìlà rẹ̀. Kò sí ẹni tó fọn fèrè. Ìdákẹ́jẹ́ náà ló bà mí lẹ́rù jù. Mo di sítíárìn mú bí ẹni di ìwo màlúù mú. Níwájú, bọ̀ọ̀dá mi ti bọ́ sí ìlà àwọn tó ń sáré, ọkọ̀ pupa ń kùn. Ó hàn pé wọ́n ń dágbére fún un. Èmi náà bọ́ sí ìlà yẹn, kí wọ́n má baà já mi sílẹ̀.

Obìnrin inú fóònù tó ń júwe ọ̀nà ní kí n yà sọ́tùn-ún ní Guelph Line. Mo rí pátákó náà. Mo rí ibi tí ọ̀nà ti yà. Mo tún rí bọ̀ọ̀dá mi tí wọ́n ń lọ tààrà. Ọwọ́ mi dé ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ iná, ó sì dúró síbẹ̀. Ta ni mo jẹ́ tí màá ṣẹ́ iná sí ẹni tó mú mi wá sí ìlú yìí, tó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ mi ní ọkọ̀? Ó lè jẹ́ pé wọ́n mọ ọ̀nà mìíràn. Mo gbé ọwọ́ kúrò, mo ń tẹ̀ lé wọn.

Obìnrin inú fóònù ní kí n yà ní ibòmíràn kí n padà. Mi ò yà. Ó ronú, ó tún bẹ̀ mí. Mo dín ohùn rẹ̀ kù.

Bí a ṣe gun afárá Skyway nìyẹn, níbi tí a ò ti ní iṣẹ́ kankan í ṣe. Ó ga débi pé ọkọ̀ ojú omi ńlá ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Lápá ọ̀tún, ilé iṣẹ́ irin Hamilton ń rú èéfín. Lápá òsì, adágún náà ò ní òdìkejì. Atẹ́gùn ń ti ọkọ̀ eérú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ Sáàmù kan, mo gbàgbé rẹ̀ níbi ìdajì, mo tún un bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí pátákó ń dárúkọ Niagara léraléra, bọ̀ọ̀dá mi yà sí ilé epo kan. Mo yà tẹ̀ lé wọn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wò yíká.

"Níbo nìyí?"

"Stoney Creek, sà."

"Stoney Creek kẹ̀? Ìgbà wo la kọjá Guelph Line?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀, sà."

"O rí i?"

"Mo rí i, sà."

"O rí i! Kí ló dé tí o ò ṣẹ́ iná?"

"Ẹ wà níwájú, sà."

Wọ́n gbé ọwọ́ lérí. "Mò ń wò ẹ́ nínú dígí. Mo rò pé ọwọ́ ẹ ni máàpù wà, tí a bá ti ṣìnà, o ò ní máa bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́yìn mi báyẹn."

"Ẹ ní ẹ mọ ọ̀nà, sà."

"Mo mọ̀ ọ́n!" Wọ́n wẹ̀yìn wo ojú ọ̀nà. "Lésìn, mo mọ̀ ọ́n."

Nítorí náà, èmi ń tẹ̀ lé wọn torí pé àgbà ni wọ́n, àwọn náà ń lọ torí pé mò ń tẹ̀ lé wọn. Epo wà nínú ọkọ̀ méjèèjì. À bá dé Amẹ́ríkà.

Bí a ṣe dúró síbẹ̀, ẹyọ yìnyín kan bọ́ sórí ọkọ̀ pupa. Bọ̀ọ̀dá mi fi áńkáṣíìfù nù ún. Òmíràn bọ́. Wọ́n nù ún. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n ki áńkáṣíìfù bọ àpò.

Aago mẹ́jọ ti lù. Màmá tó ni abà ti sọ lórí fóònù pé aago mẹ́sàn-án ni òun máa ti ilẹ̀kùn, òun ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun, ó di Ọjọ́bọ̀ kí òun tó padà. Wọ́n sì ti kìlọ̀ pé ọkọ̀ tí iyọ̀ bá ti kàn, kò gbọ́dọ̀ wọ inú abà òun.

"Bọ́ síwájú," ni bọ̀ọ̀dá mi wí.

"Èmi, sà?"

"Táyà ẹ ló lè rin inú yìnyín, ọwọ́ ẹ sì ni máàpù wà."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ gba fóònù náà, kí ẹ máa lọ níwájú."

"Àríkẹ́! Mo ní bọ́ síwájú."

Ó ti di àṣẹ. Òun ló jẹ́ kí n lè ṣe é.

Mo rọra ń lọ. Nígbà tí a dé orí afárá, wọ́n ṣẹ́ iná sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ, pé kí n sáré. Ṣùgbọ́n ojú títì ti ń funfun, mo sì ń ro ti táyà tó ti di àwo oníke. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mo ṣe bí ẹni pé mi ò rí ẹ̀gbọ́n mi.

Lẹ́yìn ìgboro Burlington, Guelph Line gun òkè kan, abà náà sì wà létí òkè náà. Tírélà kan wà níwájú wa tó ń fà gòkè bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Mo dúró sẹ́bàá ọ̀nà nísàlẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi fọn fèrè. Mi ò lọ. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n kan fèrèsé mi.

"Kí lò ń dúró ṣe? Ó ku ogún ìṣẹ́jú!"

"Ẹ jẹ́ kí tírélà yẹn dé òkè ná, sà. Tó bá dúró, ẹ̀yin náà máa dúró. Ẹ rántí ọkọ̀ búrẹ́dì bàbá wa. Sáfú tó ń wà á kì í gun òkè tí ọkọ̀ kan bá wà níwájú ẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tó bá dúró láàárín òkè, èrò ló máa tì í."

Bọ̀ọ̀dá mi wo òkè. Wọ́n mọ ọkọ̀ búrẹ́dì náà. Àwọn pẹ̀lú ti tì í rí, pẹ̀lú aṣọ ìsìn lọ́rùn. Wọ́n padà sínú ọkọ̀ wọn.

A dúró títí tírélà fi pòórá. Mo wá gbéra, mi ò sáré, mi ò tẹ bíréèkì. Nínú dígí, ìdí ọkọ̀ pupa ń yí bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ṣùgbọ́n kò dúró. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù, a wọ àgbàlá abà náà.

Màmá òyìnbó gíga kan ló jáde wá, wọ́n wọ bàtà rọ́bà. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní orúkọ. Mo ní, "Ó dáa, Mọ́mì." Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ọkọ̀ pupa, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n tọ́ ọwọ́ náà wò. "Omi ni. Ẹ nù ún kó wọlé." Wọ́n wá ní kí a ṣí búùtù, nítorí oúnjẹ ò gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ sùn. Àpò gààrí kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú kúlíkúlí.

"Kí nìyí?"

"Gààrí ni, Mọ́mì. Oúnjẹ ni."

"Eku á fi ṣe Kérésì," ni màmá náà wí.

Bọ̀ọ̀dá mi ní ọgbẹ́ inú. Ìyàwó wa ti ka gààrí léèwọ̀ fún wọn láti ìgbà ooru. "Má sọ fún Ṣọlá," ni wọ́n wí fún mi ní Yorùbá, bí ẹni pé màmá náà mọ Ṣọlá.

Nínú abà, àwọn ọkọ̀ mìíràn ti da aṣọ borí, wọ́n tò bí àwọn tó sùn síbi ìṣọ́ òru. A gbé táyà ọkọ̀ pupa lé pákó, a yọ wáyà bátìrì, màmá náà ki àkísà bọ ẹnu sàlẹ́ńsà nítorí eku. A fi aṣọ bò ó. Bọ̀ọ̀dá mi gbé ọwọ́ lé e, wọ́n di ojú, ètè wọn ń mì. Màmá náà wo aago. Síbẹ̀, màmá náà ṣí fìlà orí wọn.

Nígbà tí a jáde, màmá náà bi mí bóyá èmi ni mo wà níwájú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo rí yín láti ojú fèrèsé. O dúró nísàlẹ̀. Àwọn tó ń gbé irú ọkọ̀ yìí wá nínú yìnyín kì í dúró. Katakata mi ló ń fà wọ́n gòkè, ogójì dọ́là ni mo sì ń gbà. O ti fi ogójì dọ́là dù mí."

Mo bẹ̀ wọ́n.

Bọ̀ọ̀dá mi ti lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà, wọ́n na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Mi ò lè rán wọn létí ohun tí wọ́n sọ láàárọ̀, pé kí n wà á lọ, kí n wà á bọ̀. Wọ́n jókòó, sítíárìn kàn wọ́n ní ikùn, nítorí ìwọ̀n tèmi ni àga náà wà. Wọ́n wo òkè tí a máa sọ̀. Ó ti funfun pátápátá. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà fún mi.

"Sà?"

"Òkè tó o gùn, ìwọ náà ni kó o sọ̀ ọ́." Wọ́n yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n gbé gààrí lé itan.

Lójú ọ̀nà, ọkọ̀ ìjọba ti jáde. Iyọ̀ ń dún lára ọkọ̀ eérú bí ìgbà tí wọ́n bá ń da ẹ̀wà sínú ìkòkò. Bọ̀ọ̀dá mi ń jẹ gààrí gbẹ. Wọ́n bu díẹ̀ sí mi lọ́wọ́ nígbà tí iná títì dá wa dúró.

A dé Meadowvale kí aago mọ́kànlá tó lù. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti ṣí gáréèjì. Inú rẹ̀ ṣófo. Wọ́n dúró sí àárín ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wo ibi tí ọkọ̀ pupa máa ń wà, àpò gààrí wà lábíyá wọn, yìnyín ń bọ́ sí wọn lórí. Mo dúró. Mo tún dúró. Ìdí ọkọ̀ mi ṣì wà nínú títì, ọkọ̀ kan sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Mo ṣẹ́ iná. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Bọ̀ọ̀dá mi yíjú, wọ́n wò mí. Wọ́n wá yà sẹ́bàá ògiri, wọ́n ń fi ọwọ́ tó ṣófo pè mí bí àwọn tó ń darí ọkọ̀ nílé: máa bọ̀, máa bọ̀, ó tó. Mo gbé ọkọ̀ eérú sí àyè ọkọ̀ pupa.

Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀. Ẹni tó wà níwájú lè ṣìnà láìmọ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn tó mọ̀, tí kò sọ̀rọ̀, òun ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣìnà. Mo jókòó sínú ọkọ̀ níbẹ̀, mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ búrẹ́dì pé mo ní ọkọ̀.

Bọ̀ọ̀dá mi ti gbé gààrí pamọ́ sí ẹ̀yìn táyà ooru ọkọ̀ eérú. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà tó wọ inú ilé.

"Àríkẹ́."

"Sà?"

"Tó o bá ń lọ ní Mọ́ńdè, Stoney Creek ò sí lọ́nà o."