Afẹ́fẹ́ Inú Àgbá ní Oregun

Òórùn ọ̀rá jíjó ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn, òórùn ilé iṣẹ́ ike tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Oregun nígbà SAP, tí ìjọba ológun ní ká fún ìgbànú mọ́nú. Lọ́jọ́ iṣẹ́, iná ìjọba kì í pẹ́ lọ. Ọjọ́ Àìkú, tí ẹ̀rọ kankan kò ṣiṣẹ́, ni iná máa ń pọ̀ bí ẹni pé ó ń fi wá ṣẹ̀sín. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà, tí orí mi ń wú, mo sọ fún ọ̀gá wa pé ká fi iná ọjọ́ Àìkú rọ afẹ́fẹ́ sínú àgbá irin ńlá, bí fọkanáísà ṣe ń fẹ́ táyà. Bí iná bá lọ lọ́jọ́ Ajé, a ó tú u sílẹ̀ kó yí jẹnẹrétọ̀. Ọ̀gá, tí kò mọ fíúsì yàtọ̀ sí ìṣó, pàtẹ́wọ́. Ó ní bó bá lè gbé ẹ̀rọ kan ṣoṣo títí iná yóò fi dé, òun kò ní lé ẹnikẹ́ni níṣẹ́ mọ́.

Wẹ́dà wa, bàbá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló jó àwọn àgbá náà pọ̀. Bí a ṣe ń rọ afẹ́fẹ́ sí i, ó gbé ọwọ́ lé ọ̀kan, ó sì fà á kúrò kíá.

“Ẹ wò ó, ó gbóná. Ṣé ooru tó ń sá lọ yìí kì í ṣe agbára ni? Bó bá tutù tán, afẹ́fẹ́ yẹn á ya ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ ká wá nǹkan bò ó, ká sì kọ́kọ́ dán an wò.”

Mo rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ fi ti ìwé sílẹ̀ fún wa.” Ọmọ burúkú ni mí! N kò tíì fi ọwọ́ kan àgbá náà rí.

A kò dán nǹkan kan wò. Ọ̀gá ń wá ìwé àṣẹ láti kó ọjà wọlé, ló bá pe sọ́jà ńlá kan láti Ìkẹjà, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ta létí ìjọba, pé kó wá wò ó. Sọ́jà dé tòun ti kóbókò, ikùn rẹ̀ ṣáájú. Mo ṣí ẹnu páìpù. Jẹnẹrétọ̀ yí, ẹ̀rọ ike bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ hó yèè. Kò pẹ́ rárá tí yìnyín fi bo páìpù, lọ́sàn-án gangan, tí ohun gbogbo sì kú. Sọ́jà pòṣé, ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá yíjú sí mi. “Àbí ibi tí bàbá yìí jó ló ń jò?”

Kò sí ibi tó jò. Afẹ́fẹ́ náà ti pàdánù ooru rẹ̀, bí bàbá ṣe wí. Mo ní, “Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà.”

Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ó dàbọ̀, ẹnjiníà.” Mo sì jẹ́ orúkọ náà.

Lónìí, mo ń kà á pé nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n ń tọ́jú ooru náà kí wọ́n lè dá a padà fún afẹ́fẹ́. Ọ̀gá yẹn kò já mọ́ nǹkan kan lójú mi, sọ́jà náà kò sàn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò mọ ohun tó pa ẹ̀rọ yẹn. Èmi mọ̀, mo sì jẹ́ kí wọ́n lé bàbá.