Ṣọ́ọ̀kì Tí Mo Nù Kúrò Lórí Táǹkì Epo

Èmi ni mo nu ṣọ́ọ̀kì yẹn kúrò. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ẹnikẹ́ni, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Iléeṣẹ́ epo tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ wà lẹ́yìn Ṣàngó Ọ̀tà, lọ́nà Ìjù, òórùn epo pupa gbígbóná ló sì máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu géètì, òórùn tó máa ń bá aṣọ wa délé. Òrùlé àwọn táǹkì wọn rí bí akẹtẹ̀: ó ga láàárín, ó sì dagẹ̀rẹ̀ sí etí kí omi òjò má baà dúró lórí rẹ̀. Ohun tó dára fún òjò kò dára fún ẹsẹ̀ èèyàn. Epo máa ń ta sí i, ó sì máa ń yọ̀ bí ilá. Irin ìdímú tó yí etí òrùlé ká nìkan ló wà láàárín èèyàn àti òfuurufú.

Irin yẹn ti dípẹtà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀gá mi. Bí àwa wẹ́dà ṣe ń ṣe é ni pé a ó kọ́kọ́ fi iná lẹ irin mọ́ra níbi méjì mẹ́ta, kó ṣáà lè dúró, kí a tó wá jó o yípo dáadáa. Èyí tí a kò bá tíì jó yípo, a ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i kí ẹnikẹ́ni má fara tì í. Bàbá kan wà níbẹ̀, ará Ìkirè, òun ló máa ń gòkè láràárọ̀ láti wọn epo láti ojú ihò orí òrùlé. Kì í di nǹkan mú láìwo àmì wa. Ó sì fẹ́ràn láti máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

“Wẹ́dà, ṣé irin lò ń jó ni àbí súyà? Èéfín yìí mà pọ̀.”

“Bàbá, ẹ lọ ra àlùbọ́sà wá.”

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ku ẹ̀gbẹ́ kan, súpáfáísọ̀ iléeṣẹ́ dúró nísàlẹ̀, ó ń pariwo. Àwọn àlejò ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì fẹ́ kí wọ́n kun irin náà lọ́dà. Ọ̀gá mi ti lọ sí Àgbárá. Mo ní, “Sà, ó ku ibi mẹ́fà tí a kò tíì jó.”

“Ṣé ó ń mì ni?”

“Kò mì, àmọ́...”

“Nu ìdọ̀tí yẹn kúrò, kí pẹ́ńtà ráyè. Ẹ óò wá jó o tí wọ́n bá lọ.”

Mo fi àkísà nù ún. Ọ̀dà bo gbogbo rẹ̀, ó ń dán, kò sí ẹni tó lè mọ èyí tó lágbára mọ́. Mo rò pé màá rí bàbá náà láàárọ̀ kó tó gòkè. Ìgbà tí màá fi dé, wọ́n ti ní kó tètè wọn epo ṣáájú àwọn àlejò. Kò rí àmì kankan, ló bá fara ti irin náà, irin sì já. Orí pèpéle àtẹ̀gùn ló já bọ́ sí, kì í ṣe ilẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó wà láàyè. Èmi àti pẹ́ńtà la gbé e sọ̀kalẹ̀, ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́.

Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni ìwé tí iléeṣẹ́ kọ nípa ìjàǹbá náà. Wọ́n ní àìbìkítà ni, pé kò so bẹ́líìtì ààbò. Bẹ́líìtì wo? Lórí gbogbo òrùlé yẹn, wọn kò ṣe ibì kan tí èèyàn lè so bẹ́líìtì mọ́, àfi irin tó já yẹn náà. Ẹni tó kọ ìwé ọ̀hún kò gun àtẹ̀gùn náà rí láyé rẹ̀. Ọkùnrin tó ti ń gun táǹkì láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, gbólóhùn kan ni wọ́n fi sọ ọ́ di aláìbìkítà, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n pe èmi náà sí ọ́fíìsì, wọ́n bi mí bóyá a ti jó irin náà tán. Súpáfáísọ̀ ń wò mí lójú. Mo ní, “Mi ò mọ̀, sà.” Iṣẹ́ táǹkì kejì tí wọ́n fẹ́ gbé fún wa ni mo ń rò. Ìbínú mi sí wọn tọ́, ṣùgbọ́n kò wẹ̀ mí mọ́.

Joju, ní Ṣàngó níbẹ̀, ni bàbá náà ń gbé, ọ̀pá ló fi ń rìn. Nígbà tí mo lọ kí i láàárọ̀ Sátidé kan, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, “Ọmọ tó gbé mi sọ̀kalẹ̀ nìyí.” Ó ṣàdúrà fún mi, mo ṣe àmín. Ó ní òun ṣì ń rò ó títí di báyìí, òun kò mọ bí ojú òun ṣe fo àmì lọ́jọ́ náà, àfi bóyá ogbó ló dé. Òun náà ti gba ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ gbọ́. Gbólóhùn kan ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè: Bàbá, ojú yín kò fo nǹkan kan. Mo jókòó títí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n gbé fún mi fi tutù, mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì lọ láìsọ ọ́.