Fídíò Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ní àwọn ọdún tí wọ́n ń fẹ títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Oníru ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìwé la ń ṣe, àmọ́ kì í ṣe ti bébà: orí kọ̀ǹpútà tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti ń ṣí i, fídíò sì máa ń wà láàárín ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ náà ni. Ibi tí wọ́n bá ní kí n tẹ̀ ni mò ń tẹ̀.

Ìdílé onílẹ̀ kan ní Ṣàngótẹ̀dó ní ká ṣe ìwé ìtàn ilé wọn, kí àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun lè máa kà á. Ìyá àgbà ilé náà ni ìtàn wà lọ́wọ́ wọn, èmi ni wọ́n sì rán lọ ya wọ́n ní fídíò. Ẹ̀yìnkùlé ni ìyá jókòó sí. Wọ́n fi Ìjẹ̀bú tó ki sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ mo gbọ́ bí ọkọ wọn ṣe kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tu ọkọ̀ lórí ọ̀sà, bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ dojú ọkọ̀ dé tí wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín nínú omi. Nígbà tí mò ń palẹ̀ mọ́, wọ́n ní, "Ọmọ yìí, o ti kó ọ̀rọ̀ mi lọ o. Má sọ ọ́ nù."

Kò pé oṣù méjì tí rọpárọsẹ̀ fi kọ lu ìyá. Wọ́n gbádùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu wọn mọ́.

Lọ́jọ́ tí mo gbé ìwé náà lọ, àkọ́bí wọn obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí, gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé ìyá lórí itan. Àwòrán ìyá yọ.

"Tẹ̀ ẹ́, ká gbọ́ Màámi," ni Àǹtí wí.

Mo tẹ̀ ẹ́. Àwòrán pòórá, ojú ibẹ̀ dúdú. Mo tún un tẹ̀. Dúdú náà ni.

"Ohùn ìyá mi dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi láàárọ̀."

"Ṣé orí kọ̀ǹpútà tìẹ la ti fẹ́ máa wò ó ni?"

Ìyá kàn ń wò mí. Ìwò yẹn lé mi délé ní Jákàńdè. Mo ṣí ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà mi, ìyá sì ń sọ̀rọ̀ ketekete. Orí mi dàrú. Ṣé tábúlẹ́ẹ̀tì wọn ló bà jẹ́ ni, àbí ojú mi?

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá mi obìnrin gba ìwé náà sórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Dúdú.

"Fídíò ò sí nínú ìwé yìí," ni wọ́n wí. "Ibi tó wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ lo kàn júwe fún un. Tó bá ti kúrò lọ́dọ̀ ẹ, kò mọ ibi tó ti máa rí i."

"Ṣùgbọ́n mo rí i níbẹ̀, mà."

"Ìwọ nìkan lo rí i."

Mo wá fi fídíò náà sínú ìwé gan-an. Ó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá mi, tábúlẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì sì tún kọ̀ jálẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń yí i síwá sẹ́yìn kí n tó mọ̀ pé irú fídíò tí mo lò ni tábúlẹ́ẹ̀tì kì í gbà. Mo sọ ọ́ di irú èyí tó ń gbà. Ìyá fọhùn.

Mo padà sí Ṣàngótẹ̀dó. Bí ohùn ṣe jáde, gbogbo àwọn tó wà ní pálọ̀ sún mọ́ ìyá. Ìyá ń wo ara wọn, ètè wọn ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà, kò sóhùn. Nígbà tó parí, wọ́n fi ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ tún un tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n kọjú sógiri.

Mo rọra bi Àǹtí pé, "Ṣé inú Màámi dùn sí i, mà?"

Wọ́n nu ojú wọn. "Èmi náà ò mọ̀."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àǹtí pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní ìyá ti nawọ́ sí ìwé náà láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n sì wò ó títí oúnjẹ fi tutù. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìyẹn, ńṣe ni ìyá fọwọ́ júwe pé kí wọ́n gbé e kúrò níwájú àwọn. Mo dúpẹ́, mi ò mọ ohun tí mò ń dúpẹ́ fún.