Màámi Elépo Ló Yan Tẹlisikóòpù Mi

Epo pupa ni Màámi ń tà, àmọ́ àwọn ló yan tẹlisikóòpù fún mi lónìí.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá awò kékeré kan tí màá fi máa wo ìràwọ̀ lẹ́yìnkùlé wa ní Òdìgbò. Láàárọ̀, Màámi bi mí bóyá ìràwọ̀ ló ránṣẹ́ pè mí. Síbẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé mi dé Ore.

Ọkùnrin tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ gbé méjì kalẹ̀. Ọ̀kan gùn, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Èkejì kúrú, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ bí ẹnu abọ́ ọbẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, èyí tó gùn yẹn ni kí ẹ mú. Ó ń sọ nǹkan di ńlá."

Mo ti ń nawọ́ sí i nígbà tí Màámi dá sí i.

"Kí ló ń wọ inú rẹ̀?"

"Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ni, Màámi."

"Ẹnu èwo ló máa gbà á jù? Ṣé o ti rí mi kí n fi àrọ ẹlẹ́nu kékeré rọ epo rí?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni Màmá sọ. La bá gbé kúkúrú wálé.

Nígbà tí òṣùpá yọ nírọ̀lẹ́, mo ní kí Màámi kọ́kọ́ wò ó díẹ̀. Títí di báyìí, wọn ò tíì dìde. Wọ́n tún ní kí n lọ tẹ ẹ̀bà wá bá àwọn níbẹ̀.

Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí: ta ló ni tẹlisikóòpù yìí gan-an?