Híítà Mọ́tò ní Ṣómólú

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, nínú àgbàlá ilé tí mo ń gbé ní Ṣómólú. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀: èmi, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, rẹ́wáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní àdúgbò wa, àti Àlàájà tó ni ilé. Àlàájà kò bá wa ṣiṣẹ́. Ó gbé àga rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí, ó sì ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá Onípépà," ó ní, "kí lẹ̀ ń tún ṣe?"

"Híítà ni, Àlàájà."

Ó fi ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Híítà? Èyí tó ń mú mọ́tò gbóná? Ní Ṣómólú níbí? Oòrùn ilé mi ò tó yín ni?"

Rẹ́wáyà rẹ́rìn-ín láti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó ki orí bọ̀. Ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín. Mo máa ń rí èsì irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

Kì í ṣe òtútù ló ń mú wa. Tòkunbọ̀ ni mọ́tò náà, ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ ni wọ́n ti lò ó. Fáànù tó ń fẹ́ ooru sí àwọn tó kọ́kọ́ ni ín lára, òun náà ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí gíláàsì iwájú fún wa nígbà òjò. Bí kò bá ṣiṣẹ́, tí òjò ń rọ̀, tí a sì ti gbogbo fèrèsé, èémí wa á bo gíláàsì, awakọ̀ á di afọ́jú. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ní Onípánù, díẹ̀ ló kù kí n kọlu ọmọláńkẹ́ tó kó iṣu. Ọmọ mi ń fi ìborùn rẹ̀ nu gíláàsì, èmi sì ń wo títì láti ojú ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ọjọ́ kejì, Sọ́ńdè, ni a fẹ́ lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n ti gba ọmọ mi sí yunifásítì níbẹ̀. Èmi ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún kí n tó jókòó nínú kíláàsì, ilé ìwé alẹ́ sì ni. Láti ìgbà yẹn ni ó ti ń wù mí kí n rí ẹnu géètì yunifásítì. Ìyàwó mi ló ra mọ́tò yìí. Ó máa ń sọ pé mọ́tò òun ni yóò gbé ọmọ náà lọ síbẹ̀. Ikú kò jẹ́ kó fojú rí i. Ó ti di ọdún kẹta báyìí.

Ọmọ mi ti sọ tirẹ̀: bí fáànù náà kò bá fẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, òun á gbé ẹrù òun lọ wọ bọ́ọ̀sì. Òun ò ní jẹ́ kí n wakọ̀ dé Ìbàdàn nínú òjò láìríran. "Dádì, ẹ̀yin nìkan ló kù tí mo ní," ó ní. Mi ò bá a jiyàn.

Fáànù náà kò kú lójijì. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, agbára rẹ̀ dín kù. Lẹ́yìn náà ó ń kùn bí oyin inú agolo, kò sì fẹ́ nǹkan kan mọ́. Lẹ́yìn náà fíúùsì rẹ̀ jó. Mo ra òmíràn, òun náà jó.

"Bàbá, ṣé ẹ ò fi pépà sìgá tó ń dán yẹn dí ojú fíúùsì?" rẹ́wáyà bi mí.

"Rárá."

"Ẹ ṣeun. Ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀ ní Abúlé Òkúta. Dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ti di èédú."

Ó ní gílóòbù kékeré kan tó so wáyà méjì mọ́. Ó fi fíúùsì tuntun sínú mọ́tò, ó yọ ẹnu wáyà tó wọ inú fáànù, ó fi gílóòbù náà kàn án, ó ní kí ọmọ mi yí súwíìṣì. Gílóòbù tàn.

"Iná ń dé ibẹ̀," ó ní. "Wáyà ò ṣe nǹkan kan. Fáànù fúnra rẹ̀ ló kú. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ ra òmíràn kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù." Ó ti ń nu ọwọ́.

"Kí ló pa á?" mo bi í.

"Ha, Bàbá. Ogbó ni."

Ẹ̀rọ tó ń gé pépà ni mo ń lò ní ilé ìtẹ̀wé. Bí ọ̀bẹ rẹ̀ bá há, a kì í sáré ra ọ̀bẹ. Ohun tó há sí i lẹ́nu ni a kọ́kọ́ máa ń wá. Mo ní, "Tú u wò ná."

Ó wo oòrùn, ó wò mí. "Bí mo bá tú u tí mo sì bá a ní òkú, àwọn oníṣọ́ọ̀bù á ti lọ. Ọ̀la Sọ́ńdè ni, ẹnì kankan ò ní ṣí. Ṣé kí n tú u?"

Mo wo ọmọ mi. Àpótí rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fi okùn dì í.

"Tú u," mo ní.

Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló di fáànù náà mú lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níwájú ẹni tó bá jókòó ti awakọ̀. Rẹ́wáyà tú méjì. Ẹ̀kẹta wà lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ kò wọ ibẹ̀, tèmi náà kò wọ ibẹ̀. Ọmọ mi yí apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó na ọwọ́ wọlé.

"Ẹ wo ọmọ yunifásítì!" Àlàájà ní. "Ó ti di mẹkáníìkì kó tó débẹ̀."

"Àlàájà, ẹ ṣàdúrà kó tú, ẹ yéé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mò ń ṣe méjèèjì pọ̀."

Nọ́ọ̀tì náà tú. Rẹ́wáyà fa fáànù náà sílẹ̀. Kì í ṣe fáànù la kọ́kọ́ rí, pépà ni. Ó kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ó tutù, ó sì ki bí ẹ̀kọ àná. Rẹ́wáyà fa okùn pépà kan yọ, ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀. Àwọ̀ ewé ni ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, eyín mẹ́rin àti ìlàjì irunmú olóṣèlú kan ń rẹ́rìn-ín sí wa.

"Eku!" Àlàájà ní. "Mo ti sọ pé eku pọ̀ ní ilé yìí. Ìtẹ́ ni wọ́n kọ́ síbẹ̀."

"Eku ni, kò sí ẹlòmíràn," rẹ́wáyà ní. "Mo ti bá ìyá eku àti ọmọ mẹ́fà nínú fáànù báyìí rí. Wọ́n tẹ́ sọ́ọ̀kì ọmọdé sábẹ́. Ṣùgbọ́n eku tiyín mọ̀wé o, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ìlú ló ń jẹ ẹ́ lógún."

Èmi ti mọ̀ láti ìgbà tí mo ti rí àwọ̀ ewé náà. Ọdún tí a dìbò ẹ̀ẹ̀kejì lẹ́yìn tí àwọn sọ́jà padà sí bárékè ni. Láti oṣù kìíní ni a ti ń tẹ àwòrán àwọn olóṣèlú ní gbogbo Ṣómólú, tọ̀sán-tòru. Èyí tí inki bá bà jẹ́, èmi ni mo ń gé e wẹ́wẹ́. Ọyẹ́ mú lọ́dún yẹn. Eruku ń gba ihò tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú wọ mọ́tò ìyàwó mi. Àwa tó ń gé pépà, àgékù pépà ni a fi ń dí gbogbo ihò: ojú fèrèsé, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tí kò dọ́gba. Mo di ẹ̀kúnwọ́ méjì, mo fi dí ihò náà. Mi ò rántí rẹ̀ mọ́. Òjò ló wá tì í wọ inú fáànù.

Eku ti gba ẹ̀bi náà. Mo lè dákẹ́, nítorí ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣòro fún mi. Ṣùgbọ́n Àlàájà ti dìde, ó ní òun á da májèlé sí gbogbo igun ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Adìẹ mẹ́ta ń jẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

"Kì í ṣe eku," mo ní. "Èmi ni."

Wọ́n yíjú sí mi.

"Ẹ̀yin, Dádì?"

"Nígbà ọyẹ́. Pépà ni mo fi dí ihò tí eruku ń gbà wọlé."

Rẹ́wáyà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àlàájà pàtẹ́wọ́. "Bàbá Onípépà! Gbogbo wa dìbò sínú àpótí, àṣé inú mọ́tò lẹ di tiyín sí!" Ọmọ mi gbé ọwọ́ láyà, ó tẹ̀ síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín tí kò ní ohùn. Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ó pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

A yọ pépà náà tán. Fáànù ṣì le, ọwọ́ kò lè yí i. Mo wọlé lọ mú òróró tí mo fi ń pa ìdí ọ̀bẹ ẹ̀rọ mi, mo kán an sí irin àárín rẹ̀, mo ń yí i síwá sẹ́yìn títí ó fi rọ̀. Rẹ́wáyà so ó mọ́ bátìrì nílẹ̀ níbẹ̀. Ó ta bí ẹja, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Òkú ti jí o!" ó ní.

Ó dè é padà. Ọmọ mi yí súwíìṣì sí oókan, kò sí nǹkan kan. Ó yí i sí eéjì, sí ẹẹ́ta. Kò sí. Ó wò mí. Mo ní kó yí i sí ẹẹ́rin. Fáànù náà bú bí ìjì, pépà tó kù sínú ihò tú jáde sí gbogbo wa lójú. Rẹ́wáyà ní wáyà kékeré tó ń dín eré rẹ̀ kù ló jó nígbà tí fáànù há. A lè pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá yá. Fún báyìí, kó dákẹ́ tàbí kó bú, kò sí àárín.

Pépà kan lẹ̀ mọ́ ìborùn Àlàájà tó wá yọjú. Ọmọ mi bá a yọ ọ́.

"Kí nìyẹn?"

"Etí ni, Àlàájà. Etí olóṣèlú."

"Jẹ́ kí n rí i." Ó wò ó dáadáa. "Àṣé wọ́n ní."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí kí aago mẹ́fà tó lù. Òjò ń rọ̀. Mo fi àwọ̀n fèrèsé bo ihò ìsàlẹ̀ gíláàsì náà, mo jókòó sínú mọ́tò, mo ti gbogbo fèrèsé, mo ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Mo sún mọ́ gíláàsì, mo mí sí i títí ó fi funfun. Mo yí súwíìṣì sí ẹẹ́rin. Ó mọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mo tún mí sí i, ó tún mọ́. Ìgbà kẹta ni mo rí Àlàájà lójú gíláàsì, ó di agbòòrùn mú, kẹ́tùlù àlùwàlá wà lọ́wọ́ kejì.

"Bàbá Onípépà, gíláàsì lẹ̀ ń fẹnu kò láàárọ̀ yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo sọ̀kalẹ̀, mo gbé àpótí ọmọ mi sínú búùtù, mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ó yá," mo ní. "Mo ti ríran."