Bọ́ọ̀dù Tó Ń Gbẹ Lóòrùn

Lánàá, ọmọ mi obìnrin da ọtí ilé oògùn sórí òwú, ó fẹ́ fi nu inú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí òórùn náà ṣe gba imú mi ni mo jáde kúrò nínú yàrá. Ó ní, "Màmá, kí ló dé?"

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mò ń gbé lọ́dọ̀ Tántí Àbẹ̀kẹ́, àbúrò ìyá mi, ní Jọ́ńkẹ̀, ní Kútọnu. Nígbà náà, àwọn tó ní kọ̀ǹpútà kò pọ̀, obìnrin tó lè tún un ṣe tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Tántí ń ṣe nínú ilé nìyẹn. Àwọn ọkùnrin á wọlé, wọ́n á ní, "Ọ̀gá dà?" Tántí á bojú wẹ̀yìn bí ẹni ń wá ọ̀gá náà, Tántí á wá ní, "Ó ti dé."

Afẹ́fẹ́ òkun ló máa ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́ nílùú wa. Iyọ̀ inú rẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ eruku, á lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó aláwọ̀ ewé tí iná ń gbà kọjá nínú ẹ̀rọ, títí ẹ̀rọ ò fi ní tàn mọ́. Tántí á yọ ọ́, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ọtí ilé oògùn fọ̀ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni ń fọ ojú ọmọ tuntun, wọ́n á sì sá a sóòrùn. Èmi ni mo máa ń jókòó tì í lẹ́yìnkùlé, kí adìyẹ má baà tẹ̀ ẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oníṣòwò aṣọ kan láti ọjà Misẹ̀bọ̀ wá wo kọ̀ǹpútà tó gbé wá láàárọ̀. Ó bá a lórí tábìlì, inú rẹ̀ ṣófo.

"Níbo ni ohun tó wà nínú rẹ̀ wà?"

"Ó wà lóòrùn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jókòó."

"O ti tà á! Olè!"

Mo gbọ́ ìró ìgbátí náà láti ẹ̀yìnkùlé. Kíá, èrò ti kún ilé. Àwọn kan ń pariwo olè lédè Fọ̀n, àwọn kan ń pariwo rẹ̀ ní Nàgó, Yorùbá tiwa. Tábìlì mìíràn dojú dé. Gíláàsì fọ́. Tántí ń ké orúkọ mi pé kí n gbé bọ́ọ̀dù wá. Mo gbé e, mo gbá a mọ́yà, ṣùgbọ́n n kò wọlé. Mo dúró sẹ́yìn ògiri, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lu Tántí. Ìgbà tí ẹnì kan ní kí wọ́n lọ gbé epo bẹntiróòlù wá ni mo tó sáré wọlé.

Ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú Tántí. Bàbá oníbúrẹ́dì, aládùúgbò wa, di ọ̀pá irin mú. Ó ti fi fọ́ ìka ọwọ́ ọ̀tún Tántí mẹ́ta. Mo na bọ́ọ̀dù sókè.

"Òun nìyí! Òun nìyí o!"

Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó sọ pé pẹ̀lẹ́. Oníṣòwò nìkan ló kù. Tántí fi ọwọ́ òsì dá bọ́ọ̀dù padà sáyè rẹ̀, èmi ni mo bá wọn di í mú. Kọ̀ǹpútà tàn.

"Gbé e," ni Tántí wí. "Má jẹ̀ẹ́ kí n tún rí ẹ."

Ìgbà tó jáde ni Tántí tó ṣubú lulẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá oníbúrẹ́dì kí wọn ẹ káàárọ̀ láti ojú ọ̀nà, Tántí sì dá a lóhùn. Inú bí mi. Wọ́n ní, "Àwa la ṣáà jọ ń gbé."

Àwọn ìka náà kò tọ́ mọ́ títí Tántí fi kú. Lónìí, bí èrò bá ká ẹnì kan mọ́, fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ ń fà yọ láti ya fídíò kí wọ́n tó wá ọ̀pá. Ohun tí kò yí padà ni pé kò sẹ́ni tó ń dúró béèrè. Tántí náà kò bi mí rí pé kí ló mú mi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Mo retí ìbéèrè yẹn títí a fi sin wọ́n.