Akọ̀wé Ìyàwó Wo?

Taya àlòkù kan, dọ́là márùndínlógójì. Ọkùnrin tó tà á fún mi ní Jonesboro ní kí n ra tuntun, mo ní kó gbé tuntun fún àwọn tó ń jayé. Nílé, tòkunbọ̀ là bá pè é. Ní Atlanta níbí, òkun wo ló kọjá? Ọjọ́ kẹsàn-án ló bẹ́, níwájú ilé ọmọ mi obìnrin ní Austell. Mo ṣí búùtù kí n mú sípéà, mo wá rántí pé èmi fúnra mi ni mo yọ ọ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kí àpò gàrí méjì lè ráyè. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀rín náà kò di ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ iṣu ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Clarkston. Mo ti san àsansílẹ̀, àdéhùn wa sì ni pé bí aago méjì ọ̀sán bá lù tí kò sẹ́ni tó gba ẹrù, oníṣu á tà á fún ẹlòmíràn, àsansílẹ̀ mi á wọgbó. Òfin tí èmi náà ń fi dẹ́rù ba àwọn oníbàárà mi nìyẹn.

Fóònù tí mo fi wá takisí ní ọkọ̀ tó máa gbé mi dé Clarkston jẹ́ dọ́là mẹ́tàdínláàádọ́rin. Mo ná an ní ọgbọ̀n. Fóònù ò mọ ọjà á ná. Mo gbé e sílẹ̀, mo kẹ̀yìn sí i bí a ti ń ṣe fún ọlọ́jà tó lágídí, kó lè pè mí padà. Nígbà tí mo wò ó, owó ti lé sí i. Mo ní kó máa gbé e lọ, ọmọ mi á gbé mi.

Ọmọ mi ò lè gbé mi. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe láti ilé, ọ̀gá rẹ̀ sì ti ní kò gbọdọ̀ dìde títí iṣẹ́ kan tó ti ń yọ wọ́n lẹ́nu láti ọjọ́ mẹ́ta á fi yanjú. Bí àwa méjèèjì ṣe há sí yàrá kan nìyẹn: òun nídìí ẹ̀rọ, èmi lórí bẹ́ẹ̀dì, bàtà lẹ́sẹ̀, báàgì lórí itan, ojú lára aago. Àdúgbò wọn yẹn, kò sí ọjà, kò sí ẹni tó ń kọjá téèyàn lè bá jà. Koríko ṣáá.

Mo bi í pé kí ló ń dè é mọ́lẹ̀. Ó ní kọ̀ntéénà ni. Mo ní bí mo bá mọ nǹkan kan láyé yìí, kọ̀ntéénà ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni tèmi ti há sí Àpápá. Ó ní kì í ṣe ti ọkọ̀ ojú omi.

Ó wá fi sùúrù ṣàlàyé, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń yọ̀ bí ẹsẹ̀ lórí ọṣẹ. Ó ní inú kọ̀ǹpútà ńlá kan ni wọ́n ti pín yàrá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yàrá yẹn ni wọ́n ń pè ní kọ̀ntéénà. Gbogbo iṣẹ́ tó ń lọ nínú yàrá ló ní nọ́ńbà, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń ka tirẹ̀ láti ení. Èyí tó ń jẹ́ eéje nínú yàrá, nọ́ńbà mìíràn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n ní ìta. Ètò kan wá wà ní ìta tó dà bí olùtọ́jú sítóò, òun ló ń há fáìlì fún gbogbo yàrá. Iṣẹ́ tó bá mú fáìlì á kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sí i. Bó bá kú láìdá a padà, olùtọ́jú á rí i pé ó ti kú, á sì gbé fáìlì fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n fáìlì kan wà tí kò kúrò lọ́wọ́ eéje, gbogbo iṣẹ́ yòókù sì tò sẹ́yìn rẹ̀, wọn ò lọ, wọn ò bọ̀.

Mo ní wọ́n há bíi tèmi.

“Mọ́mì, eéje ti kú. Mo wo inú yàrá rẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n olùtọ́jú ń sọ pé ó wà láàyè.”

Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ẹni tí wọ́n bá ti bí sílé kí o tó dé, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, ìwọ lo máa wá orúkọ tí wàá máa pè é. Nígbà tí mo dé ilé ọkọ ní Ìbàdàn, mo sọ àbúrò ọkọ mi di Akọ̀wé, nítorí bírò kì í kúrò lápò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí i kó kọ nǹkan kan rí. N kò mọ̀ pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ń pe ọmọ ọkọ mìíràn ní Akọ̀wé kí n tó dé. Lọ́jọ́ kan, a wá kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ tì. Ìyá àgbà tó ń ṣe olórí ilé ní ta ló mú un kẹ́yìn, mo ní Akọ̀wé ni. Ìyá ní kò burú, Akọ̀wé wà nínú yàrá, ó ń sùn, bó bá jí á mú un wá. La bá jókòó. Akọ̀wé tí ìyá mọ̀ sùn títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Akọ̀wé tèmi ti wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin láti àárọ̀, kọ́kọ́rọ́ lápò. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wa, ebi sì fẹ́ẹ̀ lù wá pa.

Mo sọ fún ọmọ mi pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá yẹn kò bi mí: Akọ̀wé ìyàwó wo?

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. “Mọ́mì, ẹ tún un sọ.”

“Mo ní Akọ̀wé ìyàwó wo. Ṣé mo tún máa kọ ọ́ lórin ni?”

Ó ti ń wo nọ́ńbà àwọn iṣẹ́ tó wà ní ìta yàrá. Lóòótọ́, eéje kan wà níbẹ̀, irú èyí tí kì í kú níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá wà ní títàn. Nọ́ńbà tí òkú kọ sílẹ̀ nínú yàrá ni olùtọ́jú ń mú wá wo láàárín àwọn tirẹ̀, alààyè ló sì ń rí. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, pé láti òní lọ, kí olùtọ́jú kọ́kọ́ mọ yàrá tí nọ́ńbà ti wá, kó sì yí i padà sí èyí tí ìta mọ̀, kó tó wádìí pé ó kú tàbí ó yè. Ó sọ apá ibẹ̀ ní akowe. Mo fi ojú mi rí i láàárín gbogbo èdè òyìnbó yẹn.

Mo dìde, mo gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó ní kí n jókòó, wọ́n gbọ́dọ̀ dán an wò. Wọ́n dán an wò títí aago kan fi kọjá. Ó yege. Mo tún dìde. Ni ọ̀gá rẹ̀ bá yọjú lórí ẹ̀rọ, ó ní kí ló ń jẹ́ akowe. Ọmọ mi, tí kì í bá mi sọ̀rọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti orí ìgbéyàwó, ó dé Ìbàdàn, ó kọjá sí Ìlọrin. Òyìnbó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bèèrè ti ìyá àgbà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìtàn tí mo fi ẹnu ara mi sọ ń jẹ àkókò mi.

A dé Clarkston nígbà tí aago méjì ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Iyẹ̀pẹ̀ iṣu díẹ̀ ló kù nílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo pe oníṣu, ó ní òun ti ń lọ sí Jonesboro, obìnrin kan ti gba gbogbo rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ bá ti wọ ọkọ̀ fóònù yẹn.”

Mo ní kó lọ bá mi ra taya tuntun, kó má bá mi ṣírò. Mo ti mọ iye àsansílẹ̀ tó bá oníṣu lọ: ọ̀ọ́dúnrún dọ́là ó lé ogójì.